Ìtàn Bọ́ọ̀tì àti Ìṣọ́ Ìkànnì: Láti Ọdún 1993 Títí Kan Ìbò Èkìtì

Láàárín àwọn iṣẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bí sáyé, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ìkànnì lọ́wọ́ àlejò tí kì í ṣe ènìyàn jẹ́ ọ̀kan tí ìtàn rẹ̀ kò tíì gùn, ṣùgbọ́n tí ó ti kan gbogbo ayé, àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Èkìtì bíi Ìlógbò, Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀tì, èyí tí í ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ kí ó lè máa ṣí ojú ewé ìkànnì fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ tẹ nǹkan kan, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bọ́ọ̀tì kan lè wá ka ojú ewé kí ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Òmíràn lè wá máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ kò wá ohun kan ju pé kí ó fi àbẹ̀wò rẹpẹtẹ dí ọ̀nà títí ìkànnì náà yóò fi dákú. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé pẹ̀lú ènìyàn gidi, ohun tí ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé lílé àlejò búburú jáde kò le tó mímọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àlejò rere, àti pé nígbàkúùgbà tí àwọn aṣọ́nà bá kùnà nínú ìyàtọ̀ yìí, àwọn aláìṣẹ̀ tí wọ́n jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ.

Ní ti ìlànà, iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní odi tí wọ́n fi amọ̀ mọ àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká, ẹnu ibodè sì ni ẹni tí ó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ gbà. Oníbodè, tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ ọba tàbí ti ìjòyè, a máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, owó ẹyọ ni wọ́n sì fi ń san án. A máa bi àjèjì léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ilé ẹni tí ó ń lọ, bí ọ̀rọ̀ ẹni náà kò bá sì dá a lójú, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ń mú un lọ. Ìránṣẹ́ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọba kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọba mìíràn kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, nítorí ó lè mú àrokò lọ́wọ́, ìyẹn owó ẹyọ tí a sín pọ̀ tàbí ohun mìíràn tí a dì ní ọ̀nà tí ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí yóò fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó wọlé bá fi orúkọ aláṣẹ bojú, nítorí pé nígbà tí Ìbàdàn fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn fi orúkọ Ìbàdàn gba ohun tí kò tọ́ sí wọn lọ́wọ́ ará ìlú, títí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi dìde sí wọn ní ọdún 1878, tí ọ̀rọ̀ sì di ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ìbéèrè àti àmì ìdánimọ̀ ni oníbodè fi ń ṣiṣẹ́, àwọn méjì yìí náà ni àwọn aṣọ́nà ìkànnì padà wá gbé kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín nǹkan bí 30 ọdún.

Ẹni tí kò ní èrò ibi lọ́kàn ni ó kọ́kọ́ fa wàhálà bọ́ọ̀tì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, Matthew Gray, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kọ bọ́ọ̀tì kan tí ó pè ní World Wide Web Wanderer, kí ó lè máa rìn láti ìkànnì kan sí òmíràn kí ó sì ka iye tí wọ́n jẹ́. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀, kò lágbára nígbà náà, ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn sì há, tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ó bá ń béèrè ojú ewé léraléra láìsinmi fi lè mú kí iṣẹ́ falẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí irú bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i, Martijn Koster, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nexor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá àbá kan ní oṣù kejì ọdún 1994 pé kí onílé kọ̀ọ̀kan fi ìwé kékeré kan tí ń jẹ́ robots.txt sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkànnì rẹ̀, kí ó kọ bọ́ọ̀tì tí ó lè wọlé àti apá ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dé sínú rẹ̀, kí bọ́ọ̀tì tí ó bá dé sì kọ́kọ́ ka ìwé náà kí ó tó ṣí ohunkóhun. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tí ó ń kọ bọ́ọ̀tì nígbà náà, tí wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì mọ ara wọn, fara mọ́ àbá yìí.

Ìwé robots.txt kò ní agbára kankan lórí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àgádágodo. Ọdún 28 kọjá kí ẹgbẹ́ IETF, tí ó ń ṣètò ìlànà iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, tó sọ ọ́ di ìlànà tí a tẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, pẹ̀lú nọ́ńbà RFC 9309, ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà láti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ ìwọlé tàbí láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtìjú àti àǹfààní tọ̀túntòsì ni ó mú kí àdéhùn náà dúró: ẹ̀rọ ìṣàwárí ń ka ojú ewé onílé, onílé sì ń rí àwọn òǹkàwé tí ẹ̀rọ ìṣàwárí darí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí àǹfààní náà bá ti já, kò sí ohun tí ó kù láti di àdéhùn náà mú.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe di ọjà ni àwọn àlejò tí kò ka ìwé kankan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn kan ń kó àdírẹ́sì ímeèlì láti fi ránṣẹ́ ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti oògùn ayédèrú kún inú fọ́ọ̀mù ìkànnì. Àwọn mìíràn ń wá ibi tí wọ́n lè jókòó sí. Ní ọdún 2003 ni ètò WordPress jáde, ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìjọ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fi kọ́ ìkànnì wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú kan náà ni ẹnu ọ̀nà alábòójútó wà nínú gbogbo ìkànnì tí a fi WordPress kọ́, bọ́ọ̀tì kò nílò láti mọ orúkọ onílé kí ó tó máa kan ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí èrò àwọn tí wọ́n ní ìkànnì kékeré, pé kò sí ohun tí olè lè wá jí lọ́dọ̀ àwọn, kò fi tọ̀nà. Bọ́ọ̀tì kì í yan ilé ọlọ́rọ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ń tì wò, èyí tí ó bá sì ṣí, wọ́n lè fi sáfà rẹ̀ ránṣẹ́ jìbìtì ní orúkọ onílé, tàbí kí wọ́n fi ojú ewé báńkì ayédèrú pamọ́ sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Ìpalára tí ó tóbi jù lọ wá láti inú ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọlù àkúnwọ́sílẹ̀, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tí ẹnì kan ti sọ di ẹrú ń béèrè ojú ewé lọ́wọ́ sáfà kan lẹ́ẹ̀kan náà títí kò fi ní lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí ojú ìkọlù yìí ní ọdún 2016. Ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mirai, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ń wọnú kámẹ́rà ààbò àti ráútà tí àwọn tí ó ni wọ́n kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn padà, ó sì ń sọ wọ́n di ọmọ ogun láìjẹ́ pé ẹni tí ó rà wọ́n mọ̀. Ní Lìbéríà, wọ́n kọjú ogun yìí sí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Lonestar. Nítorí pé orílẹ̀-èdè náà gbára lé okùn abẹ́ òkun kan ṣoṣo, ìyẹn okùn ACE, ìkọlù ti oṣù kọkànlá pọ̀ débi tí íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀ fi mì. Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n san owó fún láti ṣe iṣẹ́ náà nítorí ìdíje òwò, ni ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn onímọ̀ ni pé ọmọ ogun tí ó kọlu ni kò jẹ̀bi, nítorí kámẹ́rà inú ilé aláìmọ̀kan ni, àti pé bí a bá fi àdírẹ́sì tí ìkọlù ti wá dájọ́, aláìṣẹ̀ ni ìdájọ́ náà yóò bá.

Àwọn aṣọ́nà kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1997 ni ẹ̀rọ ìṣàwárí AltaVista ti ń fi àwòrán lẹ́tà tí wọ́n fà wọ́rọ́wọ̀rọ̀ han àlejò kí ó tó gbà á láàyè láti fi ìkànnì tuntun sílẹ̀, ní èrò pé ojú ènìyàn lè kà á, ẹ̀rọ kò sì ní lè kà á. Ní ọdún 2000, Manuel Blum, Luis von Ahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Carnegie Mellon ṣe irú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Yahoo, wọ́n sì sọ ọ́ ní CAPTCHA. Von Ahn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé reCAPTCHA jáde ní ọdún 2007, èyí tí ó ń lo ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ tí ẹ̀rọ kò lè kà, kí ìdáhùn àwọn ènìyàn lè ran iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé lọ́wọ́. Google ra ètò náà ní ọdún 2009, ó sì fi àpótí kékeré tí ènìyàn ń tẹ̀ láti sọ pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì rọ́pò ọ̀rọ̀ kíkà fún ọ̀pọ̀ àlejò ní òpin ọdún 2014. Ìdánwò wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ fún ìgbà kan, ṣùgbọ́n ìnira wọn kò kéré, nítorí afọ́jú kò rí àwòrán, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tí wọ́n ní kí ó mú nínú rẹ̀, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ́ra sì ń ná détà lórí àwòrán kí ó tó dé ohun tí ó wá. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì California tí ó wà ní Irvine fi hàn pé bọ́ọ̀tì ti ń yára dáhùn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ju ènìyàn lọ, wọ́n sì ń gbà á ju ènìyàn lọ. Ìdánwò tí ó ń fi ènìyàn sílẹ̀ níta, tí bọ́ọ̀tì sì ń kọjá, ti dorí ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kodò.

Ní Nàìjíríà, ìtàn yìí tẹ̀lé ìrìn íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ìlú. Tẹlifóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, okùn abẹ́ òkun MainOne sì dé ní ọdún 2010, nígbà tí ó sì di ọdún 2020 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà fún mítà kan. Òfin tí ó dènà ìwà ọ̀daràn orí ayélujára jáde ní ọdún 2015, abala kẹjọ rẹ̀ sì sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dá iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rú láìní àṣẹ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní ọdún 2024 sọ pé kí ẹni tí ìkọlù bá dé bá fi tó ikọ̀ ngCERT, tí ó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí, létí láàárín wákàtí 72.

Ìbò gómìnà ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé Èkìtì ní gbangba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ elétò ìdìbò INEC ṣí ìkànnì IReV, níbi tí ará ìlú ti lè fojú ara rẹ̀ rí àwòrán ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n sì dìbò ní Èkìtì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, èsì láti àwọn ibùdó ìdìbò ìpínlẹ̀ náà, tí iye wọn jẹ́ 2,445, ni ìkànnì yìí wà láti gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí í ṣe alága àjọ náà nígbà náà, kéde pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ INEC rí ìkọlù mélòó kan sí ìkànnì náà nígbà ìbò Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun, pé àwọn kan nínú wọn wá láti ibi tí ó jìnnà tó Éṣíà, àti pé kò sí èyí tí ó yọrí sí rere fún àwọn tí ó rán wọn. Nígbà ìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isa Pantami, sọ pé iye ìkọlù tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà jẹ́ 6,997,277, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni wọ́n sábà ń rí lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú irú iye bẹ́ẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀tì tí ó ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò tàbí tí ó ń wá ojú ewé tí kò sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n bí ẹni pé mílíọ̀nù méje ènìyàn ni ó dìde ogun. Bákan náà, nígbà tí ìwé èsì ìbò ààrẹ pẹ́ kí ó tó jáde lórí IReV, INEC fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àléébù inú ètò ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó fà á. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ìkànnì ní láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdákú ni ọ̀tá ń fà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ará Èkìtì ní ọ̀nà mìíràn. Nítorí orúkọ búburú tí àwọn oníjìbìtì fún Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìkànnì òkèèrè ti dí ọ̀nà fún àdírẹ́sì IP tí ó bá ti orílẹ̀-èdè yìí wá, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ kan ti ń béèrè. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2014, ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà kò lè lo PayPal láti fi owó ránṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, àdírẹ́sì IP ti àtijọ́ kò tó láyé mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká sì ń fi ẹyọ kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà. Nítorí náà, bí aṣọ́nà kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì kan tí bọ́ọ̀tì ti wá, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ olùkọ́ kan ní Ìjerò, nọ́ọ̀sì kan ní Arámọkọ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n jọ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ẹni tí ó ti jìyà ìtìmọ́ta yìí kò yẹ kí ó fi irú rẹ̀ dá ẹlòmíràn lóró: ìkànnì ìlú kan ní Èkìtì tí ó bá dí ọ̀nà fún odindi orílẹ̀-èdè nítorí bọ́ọ̀tì lè máa lé àwọn ọmọ ìlú náà tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston, tí wọ́n ń wá ìròyìn ilé.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé iṣẹ́ OpenAI kéde bọ́ọ̀tì rẹ̀ tí ń jẹ́ GPTBot, irú àlejò mìíràn ti wá gba iwájú, ìyẹn bọ́ọ̀tì tí ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi kọ́ ẹ̀rọ tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Wọn kì í darí òǹkàwé padà sọ́dọ̀ onílé bí ẹ̀rọ ìṣàwárí ti ń ṣe, èyí sì ni ó mi ìpìlẹ̀ àdéhùn ọdún 1994. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Wikimedia Foundation, tí ó ni Wikipedia, kéde pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gba àwòrán àti fídíò láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti fi ìdá 50 nínú 100 pọ̀ sí i láti oṣù kìíní ọdún 2024, àti pé bọ́ọ̀tì ni ó fa ìdá 65 nínú 100 àbẹ̀wò tí ó ná an lówó jù lọ. Bí àjọ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá ń kérora, ó yẹ kí a lóye ohun tí ojú ìkànnì kékeré tí ó ń san owó sáfà lóṣooṣù ń rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì fún Yorùbá, nítorí pé èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní rí ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ọ dáadáa bí gbogbo àwọn tí ó ń kọ ọ́ bá ti ilẹ̀kùn wọn pátápátá. Ìpinnu yìí jẹ́ ti onílé, ó sì yẹ kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kì í ṣe kí àìmọ̀kan ṣe é fún un.

Ohun tí ìtàn yìí ti kó jọ fún ẹni tí ó ní ìkànnì kékeré kò nira láti sọ. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó ka àkọsílẹ̀ àbẹ̀wò, ìyẹn ìwé tí sáfà ń kọ àdírẹ́sì, àkókò, ojú ewé àti orúkọ àlejò kọ̀ọ̀kan sí, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti rí ẹni tí ó ń béèrè ojú ewé 50 láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí tí ó ń kan ẹnu ọ̀nà alábòójútó ní òru. Èkejì ni pé kí ó má ṣe gba orúkọ gbọ́ lásán, nítorí bọ́ọ̀tì búburú sábà máa ń pe ara rẹ̀ ní Googlebot, Google sì ti fi ọ̀nà tí a lè gbà yẹ àdírẹ́sì wò sílẹ̀ kí a lè mọ ojúlówó. Ẹ̀kẹta ni òdiwọ̀n: kí sáfà má ṣe dá àdírẹ́sì kan lóhùn ju iye ìgbà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú, kí ó fi àyè tí ó tó sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń lo àdírẹ́sì kan, kí ó sì kọ́kọ́ dá bọ́ọ̀tì dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dè é títí. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ó ṣàtúnṣe ètò ìkànnì nígbà tí àtúnṣe bá jáde, kí ó lo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó gùn, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà lórí ìkànnì sí ibòmíràn.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ ní Ìlógbò, Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ń fi orúkọ, ìtàn àti ètò ìlú wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e ni ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó máa ka àkọsílẹ̀ àbẹ̀wò lóṣooṣù, kí ó sì jábọ̀ ohun tí ó bá rí fún ìpàdé. Ìkànnì tí kò ní aṣọ́nà kò ní pẹ́ di ti ẹlòmíràn, èyí tí aṣọ́nà rẹ̀ bá sì ń lé ọmọ onílé kò sàn ju èyí tí kò ní rárá.